Ọdẹ́níyì àti Àṣá Onírin Ìlú Ajówòran

Ẹ̀yin èrò tí ẹ kún àgbàlá mi báyìí, ẹ rọra jókòó. Ẹni tó bá rí àpótí, kó jókòó sórí àpótí. Ẹni tó bá rí ẹní, kó jókòó sórí ẹní. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kankan, kó fi ìdí ara rẹ̀ ṣe àpótí. Ẹ ní kí n sọ ìrìn kan tí ọdẹ rìn fún yín. Èmi Akínbọ̀dé, tí mo fẹ̀yìn ti ìrókò, tí iwin inú rẹ̀ sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé òun ìbá ti tètè sún fún mi, ṣé ìrìn ló wá wọ́n mi láti sọ? Èyí tó wà nínú àpò mi ju èyí tí etí yín lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ti ara mi lónìí. Ti Ọdẹ́níyì ni n ó sọ, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ gba ìbọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Kò dùn. Bí ẹ bá ń wá èyí tó dùn, ẹ kọjá sílé kejì. Ewúro ni mo fẹ́ fún yín jẹ, n kò sì fọ̀ ọ́.

Ọmọ Òkè-Ìyeyè ni Ọdẹ́níyì. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé ìbọn lé èjìká, ẹranko a máa dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Aya kan ṣoṣo ló ní, Ìbídùn, aláró. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ìkòkò aró mẹ́fà wà, ibẹ̀ náà ni balùwẹ̀ wọn wà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, kò sì ní òrùlé. Ta ní í kan òrùlé sí balùwẹ̀ nígbà náà? Ọlọ́run nìkan ló wà lókè, Ọlọ́run náà ló sì dá ènìyàn ní ìhòòhò. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àrìnpé, èyí obìnrin, ti wà nílé ọkọ. Ọdẹ́tádé, èyí ọkùnrin, kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti sin ín. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ rẹ̀ sí ẹnì kejì mọ́.

Ìbídùn ní àṣírí kan. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, àìsàn bọ́ sí i lọ́mú òsì. Ilé ìwòsàn ìlú òkèèrè ni wọ́n ti gé e kí ẹ̀mí tó lè dúró. Nígbà tó padà dé, ó rán òwú sínú aṣọ kékeré kan, a sì máa dè é mọ́ àyà kó tó wọ bùbá. Ní gbogbo Òkè-Ìyeyè, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ọkọ rẹ̀. Àrìnpé tó mu ọmú náà dàgbà pàápàá kò mọ̀.

“Baba Àrìnpé,” ó wí lọ́jọ́ tí wọ́n dé, “ohun tó kù mí kù ni kí ayé máa rí mi bí ẹni tó pé. Ẹ bá mi pa á mọ́.”

Ọdẹ́níyì ní òun á pa á mọ́. Ó sì pa á mọ́. Bí ọtí tilẹ̀ ń pa wá níbi ìpàdé ọdẹ, bí kálukú ń tú ìfun ara rẹ̀ jáde, kò sọ ọ́ fún èmi alára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni nǹkan náà dé. A kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, wùùùù, bí ìgbà tí wọ́n bá dé oyin mọ́ inú agbè. A gbójú sókè, a rí i. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní bí alákàn tó pàdánù ìyókù, abẹ̀bẹ̀ kéékèèké mẹ́rin ń yí lórí rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló sì ní, abẹ́ ikùn ni ojú náà wà. Àṣá tí Ọlọ́run dá kì í dúró sójú kan lófuurufú bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe. Èyí a máa dúró. Àwọn tó ti dé ìlú ńlá ní dírónù ni orúkọ rẹ̀. Àwa pè é ní àṣá onírin. Àwọn ọmọdé jó fún un. Àgbẹ̀ juwọ́ sí i. Ó wo oko, ó wo odò, ó wo orí òrùlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí oníbodè tó ń ka ẹrù, ó sì lọ.

Nígbà tó padà wá, balùwẹ̀ Ìbídùn ló dúró lé lórí.

Ọṣẹ wà lójú obìnrin náà. Ó gbọ́ wùùùù, ó rò pé oyin ni, kò sì mira kí wọ́n má baà ta á. Ìgbà tó fi omi ṣan ojú tó wòkè ló rí ojú kan ṣoṣo náà, tó là sílẹ̀ gbàǹgbà, tí kò ṣẹ́. Ó nawọ́ sí aṣọ. Ó ti pẹ́.

Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tí àwòrán rẹ̀ fi dé inú fóònù gbogbo ọjà. Wọ́n ń nà án síra wọn bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgbákọ fún ara wọn lọ́bẹ̀ tọ́ wò. Wọ́n na tèmi náà sí mi. Èmi Akínbọ̀dé tí mo ń fọ́nnu níwájú yín, tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n yẹra, mo gba fóònù náà, mo wò ó. Ẹ má bi mí nídìí. Mo wò ó tán kí n tó sọ pé kò dára.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìbídùn gbé àdìrẹ lọ tà, kò mọ nǹkan kan. Obìnrin kan tó ń dúnàádúrà lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta omi bẹ̀rẹ̀ orin:

Aláró olómú kan,
Ìdajì aró, ìdajì àyà!

Ó dúró títí orin náà fi wọ̀ ọ́ lára. Ó ká àdìrẹ rẹ̀ jọ, ó ká a dáadáa, eteetí sí eteetí, ó gbé e rù, ó sì rìn délé láìsáré. Ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Àrìnpé gbọ́ nílé ọkọ, ó sáré dé. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló kúnlẹ̀ sí. “Ìyá mi, ṣé lẹ́nu àwọn tó ń ra ata ló yẹ kí n ti gbọ́ ohun tó ṣe yín?” Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ọmọ náà sunkún títí, ó padà lọ.

Àṣá onírin kò sì lọ. Ojoojúmọ́ lọ́sàn-án ló ń wá dúró lórí ẹ̀yìnkùlé yẹn, bí ìgbà tí wọ́n bá fún ajá léegun lẹ́ẹ̀kan. Ọdẹ́níyì tọ baálẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ fọwọ́ lérán. Ó ní, “Ọdẹ́níyì, bí ewúrẹ́ ẹnìkan bá jẹ iṣu rẹ, n ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ewúrẹ́. Èyí tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mi, báwo ni n ó ṣe dá a lẹ́jọ́?”

“Baálẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

“Ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́ lójú ọ̀run, àgbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ tó o?”

Ọdẹ́níyì padà sílé. Ó ri ọ̀pá gígùn yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè. Àṣá náà rọra wọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń rìn bí àlejò tó mọlé. Ọdẹ́níyì sọ òkúta lù ú. Òkúta kò bà á, ó jábọ́, ó sì fọ́ ìkòkò aró kan. Nígbà tí ó rí aró aya rẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, ó wọlé, ó gbé ìbọn. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Àṣá onírin ta kìtì, ó já sínú ìkòkò kejì, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ pupa, ó ń ṣẹ́ pupa, títí ó fi kú sínú aró.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́ta dé nínú jíìpù, wọ́n dé akoto funfun. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ rò ó wò, àgbàlagbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, àlejò wọlé, kò ní “ẹ kú ìjókòó.”

“Ta ló ba ẹ̀rọ wa jẹ́?” ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

“Èmi ni,” Ọdẹ́níyì dáhùn. “Ìhòòhò aya mi ló ń wò.”

“Ilẹ̀ yìí, tìrẹ ni. A gbà. Ta ló wá fún ọ ní òfuurufú? Mú ìwé rẹ̀ jáde ká rí i.”

Ọdẹ́níyì wo baálẹ̀, ẹni tí ariwo jíìpù ti pè dé. Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìbọn rẹ̀ jáde, wọ́n jù ú sẹ́yìn jíìpù bí igi ìdáná. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, èjìká mi ń dùn mí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àṣá méjì ló wà lórí ẹ̀yìnkùlé.

Ọdẹ́níyì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. “Ìyá Àrìnpé, n ó lọ síbi tí wọ́n kó àwòrán rẹ lọ. N ó gbà á wá.”

Ohùn jáde láti inú yàrá. “Ẹ ní ẹ máa pa á mọ́,” ni gbogbo ohun tí Ìbídùn sọ.

Ó mú àdá, ó mú gààrí díẹ̀, ó sì kọrí síbi tí àwọn àṣá náà ń gbà lọ sùn nírọ̀lẹ́. Bó ṣe rin ọ̀nà náà, ẹ má bi mí. Ọ̀nà tí ìbànújẹ́ ń tì wá lọ kì í ṣe ọ̀nà tí à ń ka ibùsọ̀ rẹ̀.

Inú Igbó Abòrí ló kọ́kọ́ já sí. Nígbà kan rí, bí ọdẹ bá fẹ́ wọ igbó yẹn, a máa sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún òun fún àwọn ará ilé. Èmi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí pé mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀ ni. Ọdẹ́níyì ti ń ka ohun tí baba rẹ̀ kọ́ ọ, ó ti fa àdá yọ, nígbà tó rí iwin kan lábẹ́ ewé kókò. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló ní, ó ká gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn bí ẹni tí òtútù ń mú, ó da igbá borí.

“Ṣé ó wà lókè?” iwin náà bèèrè wúyẹ́wúyẹ́.

“Kí ló wà lókè?”

“Olójú kan.” Iwin náà ṣí igbá díẹ̀, ó yọjú, ó tún bò ó. “Ọdẹ, wá sábẹ́ ewé. A kì í jáde lọ́sàn-án mọ́. Àná ni ìyàwó mi ń bímọ, ó gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa tí ẹ̀yin ènìyàn ń sá fún! Báwo la ó ṣe tún dẹ́rù bani, nígbà tí gbogbo ayé ti rí wa níbi tí a ti ń rọbí?”

Ọdẹ́níyì ti àdá bọ àkọ̀. Ó jókòó ti iwin náà, wọ́n jọ fi ewé kókò borí, ọdẹ àti iwin, bí ọmọ ìyá méjì tí òjò ká mọ́ oko. Ó sọ ohun tó mú un rìn.

Iwin náà mi orí. “Ní ẹnu ibodè ìlú wọn, ìbéèrè kan ni wọn yóò bi ọ́. Wọ́n bi èmi náà, n kò mọ̀ ọ́n, wọ́n lé mi padà. Wọ́n á ní: ilé rẹ, níbo ló parí sí lókè?”

“Òrùlé ni.”

“Ohun tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òrùlé ni, èéfín ọbẹ̀ rẹ tó bá ti kọjá òrùlé kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ohùn aya rẹ tó bá pè ọ́ láti ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe tìrẹ mọ́. Lọ rò ó.”

Ọdẹ́níyì ń rò ó lọ ni ó dé Odò Atúàṣírí. Odò yìí kò jìn ju orúnkún lọ, kò sí ọ̀nì níbẹ̀, kò sí ẹ̀fúùfù. Ìyà tó ń fi jẹni kò ju ohùn lọ. Bí ènìyàn bá ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí kígbe ohun tí ó fi pamọ́, àwọn ẹ̀dá tó jókòó sí bèbè kejì yóò sì máa pàtẹ́wọ́. Èyí tó kọ́kọ́ ké ni pé Ọdẹ́níyì gbé ẹtu tó kó sí pàkúté ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ọ̀rẹ́ náà, mo sì ti dárí jì í. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ó ké pé ẹfọ̀n tó ní òun pa, ó bá a níbi tó ti kú ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá odò, wọ́n yí gbiri nílẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú.

Nígbà tó dé àárín odò, omi náà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ní ọjọ́ tí wọ́n sin Ọdẹ́tádé,” omi náà wí, “Ọdẹ́níyì sá lọ sínú igbó. Ọjọ́ méje ló lò níbẹ̀. Ìyá ọmọ nìkan ló jókòó ti sàréè. Nígbà tó padà dé, ẹran ìgbẹ́ ló gbé fún un pé kó sè.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni òun ti mọ bí ó ti rí fún Ìbídùn lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kọrin sí i. Ó rin ìyókù odò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lójú, bí ẹni pé inú ojú rẹ̀ ni àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti ń gbọ́ ọ.

Ó dé ibodè. Ojú mẹ́ta ni oníbodè ní, kò sì sí ìpéǹpéjú lórí ọ̀kankan.

“Ilé rẹ, níbo ló parí sí lókè?”

Ọdẹ́níyì kò ronú mọ́. Odò ti fọ ìrònú kúrò nínú rẹ̀. Ó ní, “Ibi tí ojú bá ti lè rí ìhòòhò aya mi, bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ oṣù, bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀, ibẹ̀ ni òrùlé mi dé.”

Oníbodè kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹra lọ́nà.

Ìlú náà ń jẹ́ Ajówòran. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ìlú, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Gbogbo ògiri ilé wọn, dígí ni, inú dígí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń jà, ẹlòmíràn tó ń gbọnsẹ̀, ẹlòmíràn tó ń sunkún. Àwọn ará ìlú jókòó tì wọ́n, ojú wọn kì í padé. Ọbẹ̀ ń jó lórí iná. Aṣọ ń gbó mọ́ wọn lára. Ọdẹ́níyì rí ìkókó kan tó ń rá kòrò lọ sídìí ààrò, ó sáré gbé e, ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

“Ìyá, ọmọ yín ń sunkún.”

Obìnrin náà kò yí ọrùn. “Dákẹ́ ná. Èyí tó wà nínú dígí yìí ni mò ń wò. Ìyá rẹ̀ kì í tọ́jú rẹ̀ dáadáa.”

Ọba wọn ni Afojúṣọdẹ. Ojú rẹ̀ tó abọ́, ẹnu rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ọdẹ́níyì kò dọ̀bálẹ̀.

“Mo wá gba ohun aya mi,” ó wí.

“Kí ni a mú?” ọba bèèrè. “Ara rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ. Awọ rẹ̀ kò bó. A kò fọwọ́ kàn án. Olè wo ló jalè tí ohun tí ó jí ṣì wà lọ́wọ́ olóhun?”

“Ẹ mú ìrìn rẹ̀. Kò lè rìn dé ọjà mọ́. Ẹ mú ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ mú ojú tó fi ń wo ọmọ tó bí.”

“Àwọn yẹn kò sí lọ́dọ̀ wa. Lọ wò wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú rẹ. Àwa kàn fi hàn wọ́n ni, àwọn ló rẹ́rìn-ín.” Ọba fara rọ àga. “Àti pé, ọdẹ, ohun tí ojú bá ti jẹ, kò ní ọ̀nà ọ̀fun tí yóò fi pọ̀ ọ́. Jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ mélòó lo ti kúrò nílé? Ṣé o mọ̀ bóyá ó jẹun lónìí? Ṣé o mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kì í ṣe ìfẹ́ ìwòkuwò. Ìfẹ́ aya rẹ̀ ni wọ́n fi mú un, bí a ti ń fi ọmọ ẹran mú ìyá ẹran. Wọ́n gbé dígí kan síwájú rẹ̀, ó sì wò ó.

Ó rí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àṣá onírin kan ti bà sórí igi ìyeyè, ó pa abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu mọ́, kò dún. Ìbídùn rò pé wọ́n ti lọ. Ó jáde, ó jókòó sáàárín ìkòkò aró rẹ̀. Ó tú aṣọ òwú náà kúrò láyà, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ọmú rẹ̀ ti wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Ọdẹ́tádé,” ó wí, “èyí tí o fẹ́ràn jù ni wọ́n gé. Mo rò pé ó ti wá bá ọ níbi tí o wà. Ṣé o rí i? Ṣé o ń mu ún?”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ orin tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Omijé bo ojú Ọdẹ́níyì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé obìnrin náà ti gbàgbé. Ìbá yíjú kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Òun náà mọ̀. Kò yí i. Ọjọ́ kìíní, àánú ló fi ń wò. Ọjọ́ kejì, ìfẹ́ ló fi ń wò. Ó mọ ìgbà tó ń jí, ó mọ ohun tó ń tọrọ nínú àdúrà, ó mọ iye ìgbà tó ń dúró síwájú ìlẹ̀kùn tí kò jáde. Ọjọ́ kẹta, kò mọ ohun tó fi ń wò mọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́, kò mọ ohun tó jẹ. Ojú ta á, ó fọwọ́ nù ún, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan ìpéǹpéjú. Ó tún wá a. Ìpéǹpéjú náà ti kúrú dé ìdajì.

Ó figbe ta, ó fa àdá yọ, ó sì fi gbogbo agbára là á mọ́ dígí.

Dígí fọ́ sí ọgọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún àfọ́kù náà, ọgọ́rùn-ún Ìbídùn jókòó, ọgọ́rùn-ún Ìbídùn gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n ń kọrin fún ọmọ. Àwọn ará Ajówòran ya wọlé, wọ́n ń ṣa àfọ́kù, wọ́n ń sáré gbé e lọ sílé kálukú.

“O ṣeun, ọdẹ,” Ọba Afojúṣọdẹ wí. “A ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi pín in kárí.”

Bí ó ṣe jáde nílùú náà, bí ó ṣe tún odò yẹn là, n kò ní fi dá yín dúró. Ẹni tí ìtìjú ń lé kì í fẹsẹ̀ kọ.

Ìbídùn gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó gbé omi fún un, ó pa adìẹ, ó gúnyán. Wọ́n jókòó ti àwo kan náà.

“Baba Àrìnpé, ṣé ẹ débẹ̀?”

“Mo débẹ̀.”

“Ṣé ẹ rí wọn?”

“Mo rí wọn. Mo fi àdá fọ́ dígí wọn túútúú.”

Ẹ rí i pé kò purọ́. Ó kàn gé òtítọ́ lórí, ó gé e lẹ́sẹ̀, ó gbé agbedeméjì rẹ̀ síwájú obìnrin. Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lóṣù méjì tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé náà. Ó ní òun á tún fọ ìkòkò òun, ó ní ewé èlú ti wù òun í gún. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń jẹun lọ, ó lẹ́wà lójú ọkọ rẹ̀ bí ọjọ́ tó gbé e níyàwó. Inú Ọdẹ́níyì yọ́. Ìfẹ́ kún un dé ẹnu, ó sì ṣàn jáde.

“Ìyá Àrìnpé,” ó wí, “má jẹ́ kí ọkàn rẹ gbọgbẹ́ mọ́ nítorí Ọdẹ́tádé. Bí ọmú yẹn bá ti lọ bá a níbẹ̀, ó ti yó.”

Ọwọ́ Ìbídùn dúró nínú àwo.

“Kí lẹ wí?”

Ọdẹ́níyì sáré nawọ́ sí abọ́ omi.

“N kò sọ ọ́ fún Àrìnpé,” Ìbídùn wí. “N kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti sọ ọ́, èmi nìkan.” Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀ tó kúrú. “Ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ọjọ́ mẹ́ta.”

Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo. “Àwọn tó wò mí lọ́jà, àlejò ni wọ́n, ara ni wọ́n rí. Ara yóò jẹrà. Ẹ̀yin lẹ wo èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ bá bi mí, Baba Àrìnpé. Ẹ̀ bá bi mí, ǹ bá sọ ọ́ fún yín. Ogún ọdún ni mo fi jókòó síwájú yín, tí mò ń retí kẹ́ ẹ bi mí.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀. Ó da aró inú ìkòkò tó kù nù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fi dúdú. Kò de aṣọ òwú mọ́ àyà. Orí ibùsùn ló fi í sí, ó wọ bùbá lé ara rẹ̀ bó ṣe rí, ó sì gba ojú ọ̀nà ilé Àrìnpé. Àárín ọjà ló gbà kọjá, ọjọ́ ọjà sì ni. Mo wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Èmi tẹ orí ba, mo ń wo àtàǹpàkò mi.

Ọdẹ́níyì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí òun lè pè padà mọ́. Ọ̀nà náà gùn, ó tẹ́jú. Bí ó bá fẹ́, ì bá máa rí gèlè rẹ̀ títí yóò fi dé orí òkè kejì. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun lè fún un. Ó kọ̀yìn sí ọ̀nà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò kárí ojú mọ́, nítorí náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìtàn náà wọlẹ̀ sí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fi oyin sí i lẹ́nu fún yín, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́. Ọdẹ́níyì kò fún mi ní oyin.